Ta Ni Yóò San Owó Ohun Tí Oògùn Bà Jẹ́?

Kí a tó bẹ̀rẹ̀ ìtàn òní, ìbéèrè kan wà tí a fẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ rò.

Ní ìgbà ọyẹ́, ọkùnrin kan dáná sun oko rẹ̀. Kò ṣọ́ iná náà. Afẹ́fẹ́ dé, iná ràn, ó kọjá sí oko ẹlòmíràn, ó sì ń bọ̀ wá sí abúlé. Baálẹ̀ pàṣẹ pé kí àwọn ọ̀dọ́ gé ọ̀pẹ mẹ́wàá tó wà lójú ọ̀nà, kí iná má baà rí nǹkan jó mọ́. Wọ́n gé ọ̀pẹ náà. Iná dúró. Abúlé bọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀pẹ mẹ́wàá yẹn, tiyín ni. Ọdọọdún ni ẹ ń rí epo lára wọn.

Ta ni yóò san owó ọ̀pẹ náà? Ṣé ẹni tó dáná ni? Ṣé àwọn ọ̀dọ́ tó gé e ni? Ṣé Baálẹ̀ tó pàṣẹ ni? Àbí ẹ̀yin fúnra yín ni ẹ ó fara mọ́ àdánù náà?

Ìbéèrè yìí gan-an ni àwọn orílẹ̀-èdè ńlá ti ń bá yí fún ohun tó lé ní 50 ọdún. Kì í ṣe lórí ọ̀pẹ. Lórí epo tó dà sínú òkun ni, àti lórí oògùn tí wọ́n dà lé epo náà kí ó lè lọ. Ẹ jẹ́ ká wo bí ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó dé.

Ohun tí oògùn náà ń ṣe

Epo rọ̀bì ni epo dúdú tí wọ́n ń wà jáde láti inú ilẹ̀. Òun ni wọ́n fi ń ṣe ẹsáǹsì tí a ń dà sínú alùpùpù, àti epo tí a ń dà sínú àtùpà. Ọkọ̀ ojú omi ńláńlá ní ń gbé e la òkun kọjá. Bí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ bá fọ́, epo á léfòó lójú omi, ìgbì á sì máa gbé e lọ sí etíkun. Á lẹ̀ mọ́ ìyẹ́ ẹyẹ, á lẹ̀ mọ́ àwọ̀n apẹja, á lẹ̀ mọ́ òkúta.

Oògùn kan wà tí wọ́n ń dà lé epo bẹ́ẹ̀ kí ó lè tú ká. Ẹni tó bá ti fọ ìkòkò tí epo pupa dì mọ́ rí yóò mọ bí ó ti ń ṣiṣẹ́. Omi lásán kò lè ṣí epo náà. Bí ẹ bá fi ọṣẹ sí i, epo á tú, á di wẹ́wẹ́, á sì bá omi lọ. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i: epo náà kò parẹ́. Inú omi tí ẹ fi fọ ìkòkò ló wà.

Bákan náà ni ti òkun. Oògùn náà ń gbé epo kúrò lójú omi, ó ń tì í sínú omi. Ẹyẹ àti etíkun lè tipa bẹ́ẹ̀ bọ́. Àwọn ohun alààyè inú omi ni yóò wá pàdé rẹ̀, epo àti oògùn papọ̀. Nítorí náà, ẹni tó bá da oògùn yìí sí òkun ń gba ẹnì kan là, ó sì ń fi ẹlòmíràn sínú ewu. Ibẹ̀ ni ẹjọ́ ti bẹ̀rẹ̀.

Ọkọ̀ Torrey Canyon, ọdún 1967

Ní ọjọ́ 18 oṣù kẹta ọdún 1967, ọkọ̀ kan tí ń jẹ́ Torrey Canyon forí sọ àpáta nínú òkun, nítòsí Cornwall. Cornwall ni igun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó yọ sínú òkun ní ìhà ìwọ̀-oòrùn. Ilẹ̀ Kuwait ni ọkọ̀ náà ti ń bọ̀. Epo rọ̀bì tó gbé tó bíi 119,000 tọ́ọ̀nù. Ọ̀gá ọkọ̀ fẹ́ yára dé èbúté kí omi tó fà, ó sì gba ọ̀nà àbùjá láàárín àpáta. Ọ̀nà àbùjá náà ló bà á jẹ́.

Epo bẹ̀rẹ̀ sí í dà. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kò rí irú rẹ̀ rí. Wọ́n fi ọkọ̀ òfuurufú ju bọ́ǹbù sí ọkọ̀ náà, kí epo inú rẹ̀ lè jó. Wọ́n sì kó ọṣẹ olómi jáde, èyí tí wọ́n ń lò nígbà náà láti fi tú epo ká. Wọ́n dà á sójú òkun. Àwọn ọmọ ogun dà á sórí àpáta àti iyanrìn etíkun. Gbogbo rẹ̀ tó bíi 10,000 tọ́ọ̀nù.

Àwọn onímọ̀ ẹ̀dá inú òkun tó wà ní ìlú Plymouth lọ wo àwọn etíkun náà. Ohun tí wọ́n rí yà wọ́n lẹ́nu. Níbi tí epo nìkan dé, ọ̀pọ̀ ìgbín òkun tí ń lẹ̀ mọ́ àpáta ṣì wà láàyè. Níbi tí wọ́n da ọṣẹ sí, wọ́n kú tán. Ìgbín yẹn ló máa ń jẹ ewé tí ń hù lórí àpáta. Nígbà tí wọn kò sí mọ́, ewé tútù bo àpáta pátápátá. Níbi tí a kò da ọṣẹ sí, nǹkan padà sípò láàárín ọdún mélòó kan. Níbi tí wọ́n dà á sí púpọ̀, ó gbà ju ọdún mẹ́wàá lọ. Oògùn náà ṣe ibi ju àrùn lọ.

Epo náà la òkun kọjá dé Bretagne, ní ilẹ̀ Faransé. Àwọn ará ibẹ̀ ń sin ẹran oníkarahun nínú omi òkun, wọ́n ń tà á, wọ́n sì fi ń jẹun. Wọ́n bẹ̀rù pé ọṣẹ yóò pa á. Nítorí náà àwọn Faransé yàgò fún ọṣẹ náà bí wọ́n ti lè ṣe tó. Wọ́n da ẹfun sí epo lójú òkun, kí ó lè rì. Epo kan náà ni, ìjọba méjì ni, ọ̀nà méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n gbà.

Bí wọ́n ṣe mú onígbèsè

Ó wá ku owó. Ta ni yóò san án? Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ ọkọ̀ náà ti lọ́ pọ̀ tó. Àsíá Làìbéríà ló ta. Ọmọ Ítálì ni ọ̀gá rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ Amẹ́ríkà ló wà lẹ́yìn àwọn tó ni ín. Ilé-iṣẹ́ BP ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló háyà rẹ̀ fún ìrìn àjò yẹn. BP yìí kan náà ló sì ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú ọṣẹ tí wọ́n dà sí etíkun.

Òfin àtijọ́ kan wà ní Amẹ́ríkà, láti ọdún 1851. Ó ní bí ọkọ̀ bá rì, ohun tí olówó rẹ̀ yóò san kò gbọdọ̀ ju iye tí ohun tó ṣẹ́kù lára ọkọ̀ náà tó lọ. Kí ló ṣẹ́kù lára Torrey Canyon? Ọkọ̀ kékeré kan ṣoṣo tí àwọn òṣìṣẹ́ fi ń sá àsálà ni. Iye rẹ̀ jẹ́ 50 dọ́là. Àwọn tó ni ọkọ̀ ní 50 dọ́là náà ni kí àwọn san.

Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kò gbà. Wọ́n wádìí, wọ́n sì rí i pé olówó kan náà ní ọkọ̀ mìíràn tí ń jẹ́ Lake Palourde. Wọ́n ń ṣọ́ ọ. Ní oṣù keje ọdún 1967, ọkọ̀ náà yà sí èbúté Singapore fún ìgbà díẹ̀. Lọ́yà kan gun orí rẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ ọkọ̀ rò pé ẹni tí ń ta ọtí ni, wọn kò dí i lọ́wọ́. Ó lọ tààrà, ó lẹ ìwé ìpẹ̀jọ́ mọ́ òpó ọkọ̀. Bí a bá ti lẹ ìwé yẹn, ọkọ̀ kò lè lọ mọ́, àfi bí olówó rẹ̀ bá fi owó sílẹ̀. Ìwé pẹlẹbẹ kan dá ọkọ̀ ńlá dúró! Ní ọdún 1968, àwọn Faransé náà mú ọkọ̀ yìí kan náà ní èbúté Rotterdam.

Ní oṣù kọkànlá ọdún 1969, àwọn olówó ọkọ̀ gbà láti san mílíọ̀nù 3 pọ́ùn. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì àti ti Faransé pín in sọ́gbọọgba.

Ọ̀rọ̀ kékeré kan nínú òfin

Àwọn orílẹ̀-èdè rí i pé kò yẹ kí a máa sáré lé ọkọ̀ kiri kí a tó gba gbèsè. Ní oṣù yẹn kan náà ní 1969, wọ́n péjọ ní ìlú Brussels, wọ́n kọ àdéhùn kan. Àdéhùn náà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1975. Ní 1992, wọ́n tún un ṣe.

Àdéhùn náà ní bí epo bá dà láti inú ọkọ̀, ẹni tó ni ọkọ̀ ni yóò san owó, ìbáà jẹ́ pé ó jẹ̀bi tàbí kò jẹ̀bi, àyàfi nínú ọ̀ràn díẹ̀ bí ogun. Iye tí yóò san ní ààlà. Ọkọ̀ tó bá kó ju 2,000 tọ́ọ̀nù epo lọ gbọ́dọ̀ ní asúránsì. Àpò owó kan sì wà lẹ́yìn rẹ̀ fún ìgbà tí owó asúránsì kò bá tó.

Ẹ wá wo ibi tó kan ọ̀rọ̀ wa. Nígbà tí wọ́n ń sọ ohun tí a ń pè ní ìbàjẹ́, wọn kò dá epo nìkan kà. Wọ́n fi owó iṣẹ́ tí a ṣe láti dí ìbàjẹ́ lọ́wọ́ kún un. Wọ́n tún fi ohun tí iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ bá bà jẹ́ kún un. Bí oògùn tí a dà sí epo bá ba nǹkan apẹja jẹ́, ọrùn olówó ọkọ̀ ni ẹrù náà wà. Ẹ rí ọ̀pẹ mẹ́wàá yín níbẹ̀. Ẹni tó dáná ni yóò san án.

Ní 1992, wọ́n kọ ohun mìíràn sí i. Ẹni tó bá ń ṣe iṣẹ́ ìdènà, irú ẹni tó ń da oògùn, a kò lè pè é lẹ́jọ́ nítorí ìbàjẹ́ náà, àyàfi bí ó bá mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é, tàbí bí ó bá mọ̀ pé ìbàjẹ́ yóò ṣẹlẹ̀ tó sì fojú di í. Ìdí rẹ̀ yé ni. Bí àwọn ọ̀dọ́ abúlé bá mọ̀ pé a ó bi àwọn ní owó ọ̀pẹ, ta ni yóò gbé àdá nígbà tí iná bá ń bọ̀?

Kànga epo Amẹ́ríkà, ọdún 2010

Ti ọkọ̀ ni àdéhùn yẹn. Kò kan kànga epo tí wọ́n gbẹ́ sí ìsàlẹ̀ òkun. Amẹ́ríkà kò sì sí nínú rẹ̀. Lẹ́yìn tí epo dà ní Alaska ní 1989, wọ́n ṣe òfin tiwọn ní 1990.

Ní ọjọ́ 20 oṣù kẹrin ọdún 2010, ilé irin ńlá tí ń jẹ́ Deepwater Horizon gbiná ní òkun Mẹ́síkò, ní gúúsù Amẹ́ríkà. Kànga BP ló ń gbẹ́. Òṣìṣẹ́ 11 kú. Epo ń tú jáde láti ìsàlẹ̀ òkun fún 87 ọjọ́. Lẹ́yìn náà, ilé ẹjọ́ sọ pé epo tó dà sí òkun jẹ́ àgbá mílíọ̀nù 3.19.

Wọ́n da oògùn kan tí ń jẹ́ Corexit sí i. Ilé-iṣẹ́ Nalco ló ṣe é. Ó tó bíi mílíọ̀nù 7 lítà. Wọ́n fi ọkọ̀ òfuurufú wọ́n apá kan sójú omi. Wọ́n da èyí tó kù sí ẹnu kànga gan-an, ní ìsàlẹ̀ omi tó jìn tó bíi mítà 1,500. A kò ṣe irú èyí rí ní ìwọ̀n bẹ́ẹ̀. Nínú oṣù karùn-ún, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tí ń bójú tó àyíká ní kí BP wá oògùn tí májèlé rẹ̀ kéré sí i. BP ní òun kò rí èyí tó dára jù. Ìjọba ní kí wọ́n dín in kù, kí wọ́n má sì wọ́n ọn sójú omi mọ́ àfi bí ó bá di dandan. Síbẹ̀ àwọn ẹ̀ṣọ́ etíkun fún wọn láyè lọ́pọ̀ ìgbà láti tún wọ́n ọn.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ṣiṣẹ́ níbi ìmọ́tótó náà, títí kan àwọn apẹja tí epo ti gba iṣẹ́ wọn. Àwọn kan ní ojú ń ta àwọn, ọ̀fun ń dun àwọn, ara ń yún àwọn. Wọ́n pe Nalco lẹ́jọ́, wọ́n ní oògùn rẹ̀ ló ṣe é.

Ní ọjọ́ 28 oṣù kọkànlá ọdún 2012, adájọ́ Carl Barbier, ní ìlú New Orleans, dá ẹjọ́ náà. Ó tú Nalco sílẹ̀. Kò sọ pé oògùn náà kò pa ẹnikẹ́ni lára. Ohun tó sọ ni pé òfin fún ìjọba lágbára láti darí iṣẹ́ náà, ìjọba ló sì fọwọ́ sí lílo oògùn náà. Ó ní bí a bá jẹ́ kí a máa pe ẹni tó ṣe oògùn lẹ́jọ́ báyìí, ní ọjọ́ mìíràn ẹ̀rù yóò máa ba àwọn èèyàn láti ṣe ohun tó yẹ nígbà tí epo bá tún dà.

Ẹ rí i pé ọ̀rọ̀ adájọ́ yìí sún mọ́ ohun tí wọ́n kọ ní 1992: má ṣe mú ẹni tó gé ọ̀pẹ. Ọ̀rọ̀ náà ní ọgbọ́n nínú. Ṣùgbọ́n bí a kò bá mú ẹni tó gé e, tí a kò sì mú Baálẹ̀, ó di dandan kí ọ̀nà tí a ń gbà dé ọ̀dọ̀ ẹni tó dáná ṣí sílẹ̀ gbagada. Bí ọ̀nà yẹn bá há, ẹni tó ni ọ̀pẹ ló gbé àdánù lọ sílé.

Ẹ̀rí ló há ọ̀nà náà

Ọ̀nà náà há fún ọ̀pọ̀ nínú wọn. BP gbà láti san owó fún àwọn tó ṣàìsàn, ilé ẹjọ́ sì fọwọ́ sí i ní oṣù kìíní ọdún 2013. Àdéhùn náà lè fún ènìyàn ní ohun tó tó 60,000 dọ́là àti díẹ̀ lé. Ṣùgbọ́n ẹni tó fẹ́ gba owó ńlá gbọ́dọ̀ ní ìwé dókítà láti ìgbà náà gan-an. Ọ̀pọ̀ kò ní in. Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn tó gba owó kò gbà ju 1,300 dọ́là lọ.

Àwọn tí àìsàn tiwọn hàn lẹ́yìn ìgbà náà ní láti pe ẹjọ́ ní ẹnì kọ̀ọ̀kan. Àwọn adájọ́ bi wọ́n pé: Kí ni ó kàn yín lára? Ọjọ́ wo ni? Báwo ló ti pọ̀ tó? Onímọ̀ wo ló lè jẹ́rìí pé ìwọ̀n yẹn lè fa àìsàn yín? Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn kò rí ìdáhùn tó tẹ́ ilé ẹjọ́ lọ́rùn. Wọ́n da ẹjọ́ wọn nù.

Kì í ṣe pé irọ́ ni wọ́n ń pa. Ìjọba Amẹ́ríkà fúnra rẹ̀ ṣe ìwádìí ńlá láti 2011, ènìyàn bíi 33,000 ló wà nínú rẹ̀. Ìwé tí wọ́n gbé jáde ní 2017 sọ pé àwọn òṣìṣẹ́ tó pàdé oògùn náà ròyìn ikọ́, ọ̀fun dídùn, ojú títa àti ara yíyún ju àwọn tí kò pàdé rẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni kí a mọ ohun tó ṣe ọ̀pọ̀ ènìyàn, ọ̀tọ̀ ni kí ẹnì kan fi hàn ní ilé ẹjọ́ pé èyí ló ṣe òun.

Kí ni ó kàn wá?

Òkun wa kò jìnnà sí ọ̀rọ̀ yìí. Láti 1982 títí di 1998, wọ́n wa epo nínú òkun Sẹ̀mẹ̀, nítòsí Àjàṣẹ́. Ọkọ̀ epo ń kọjá lójú òkun wa. Benin àti Nàìjíríà wà lára àwọn orílẹ̀-èdè tó ti fọwọ́ sí àdéhùn 1992. Nítorí náà bí ọkọ̀ epo bá fọ́ ní etíkun wa, tí oògùn tí wọ́n dà sí i sì ba iṣẹ́ apẹja jẹ́, òfin ní ibi tó lè gbé ẹjọ́ rẹ̀ lọ.

Ṣùgbọ́n òfin náà ní ọjọ́. Láàárín ọdún mẹ́ta tí ìbàjẹ́ ṣẹlẹ̀ ni a gbọ́dọ̀ pe ẹjọ́. Bí ó bá ju ọdún mẹ́fà lọ lẹ́yìn tí ọkọ̀ fọ́, ẹjọ́ ti kú nìyẹn.

Òfin náà sì ń béèrè ẹ̀rí. Ibí yìí ni ìwé tí ẹ ń kọ́ ti wúlò. Bí ẹnikẹ́ni bá wá da oògùn sí omi yín, tàbí sí oko òwú tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé yín, ẹ mú ìwé àti bírò. Ẹ kọ ọjọ́ náà. Ẹ da orúkọ tó wà lára àgbá náà kọ, lẹ́tà kan tẹ̀ lé òmíràn, bí kò tilẹ̀ yé yín. Ẹ kọ orúkọ ẹni tó pàṣẹ. Ẹ kọ ohun tí ẹ rí: ẹja tó kú, iye rẹ̀, ibi tó wà. Bí ara bá ń ro yín, ẹ lọ sí ilé ìwòsàn ní ọjọ́ yẹn, kí ẹ sì gba ìwé. Ẹ má ṣe jù ú nù.

Ẹ padà sí ọ̀pẹ mẹ́wàá yín. Òfin ti sọ ọ́: ẹni tó dáná ni yóò san án. Ṣùgbọ́n yóò bi yín pé, "Ọ̀pẹ mélòó ni? Ta ló sọ pé tiyín ni?" Iná ti jó gbogbo rẹ̀, kò sí ohun tí ẹ lè nàka sí mọ́, àfi ohun tí ẹ ti kọ sílẹ̀.

Ó dìgbà kan ná o.

Ìbéèrè fún àwọn ẹgbẹ́ ìkàwé

1. Kí ni ìyàtọ̀ láàárín ohun tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣe sí epo ní 1967 àti ohun tí àwọn Faransé ṣe?
2. Kí ni adájọ́ sọ ní 2012? Ṣé ẹ gbà pẹ̀lú rẹ̀? Ẹ sọ ìdí rẹ̀.
3. Ẹ kọ orúkọ oògùn kan tí wọ́n ń lò lóko ní abúlé yín, bí wọ́n ti kọ ọ́ sára agolo rẹ̀ gan-an.